Ẹ̀dà Tó Ń Sùn Nílé Kejì

Ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù Agẹmọ, nígbà tí òjò ti rọ̀ tí ó sì ti dá, tí àwọn ọlọ́jà Ìdúmọ̀tà ti palẹ̀ ẹrù wọn mọ́, mo jókòó ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń tẹ ìwé fún ará àdúgbò ní Ìsàlẹ̀ Gángan, èmi àti Àlàájà kan tó wá gba ìwé ètò àdúrà ogójì ọjọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, èyí tí wọ́n fẹ́ pín fún àlejò ní ọjọ́ Sátidé. Láìròtẹ́lẹ̀, kọ̀ǹpútà ọmọ náà pa ara rẹ̀, ó tún ara rẹ̀ tan, ó sì kọ ọ́ sójú pé àtúnṣe ń lọ lọ́wọ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣe pa òun. Nọ́ńbà tó wà lójú rẹ̀ ń gòkè. Ó kọjá ogún, ó kọjá ọgbọ̀n, ó ń lọ sí ogójì, ni iná bá lọ. Bátìrì tó yẹ kó gbà á dúró ti kú tipẹ́. Kí jẹnẹrétọ̀ tó dún, ohun tó bàjẹ́ ti bàjẹ́: bí a ti ń tan ẹ̀rọ náà ni ó ń kú, bí ó ti ń kú ni ó tún ń jí, kò sì jí dé ibi tí a ti lè bá a sọ̀rọ̀, gẹ́gẹ́ bí àbíkú tó ń lọ tó ń bọ̀, tí kò jẹ́ kí ìyá rẹ̀ fojú kan oorun.

Àlàájà dìde lórí ìjókòó. "Ọmọ mi, fọ́tò ẹ̀gbọ́n mi ńkọ́? Òun nìkan ló kù lọ́wọ́ wa."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, mà. Fọ́tò yín àti ìwé yín wà nínú fláàṣì tó wà lápò mi. Ẹ̀rọ yìí gan-an, ìkejì rẹ̀ wà lọ́dọ̀ màmá mi ní Lafíàjí."

Ó fẹsẹ̀ rìn lọ, ó fẹsẹ̀ rìn bọ̀, ó mú hádì dísìkì kékeré kan dání tí wọ́n fi ọ̀rá wé. Kí wákàtí méjì tó pé, kọ̀ǹpútà náà ti padà sí bó ti rí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú, pẹ̀lú gbogbo irin iṣẹ́ tó wà nínú rẹ̀ àti àmì ohùn tí ọmọ náà fi ń kọ Yorùbá. Ó wá ti inú fláàṣì mú ìwé Àlàájà jáde, ó sì tẹ̀ ẹ́. Bí mo ti ń lọ sílé lóru ọjọ́ náà, ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé ọgbọ́n tí ọmọ yìí lò kò bá kọ̀ǹpútà dé. Èkó Akéte, ilé ọgbọ́n, ti ń lò ó tipẹ́. Ó ti gbàgbé rẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú, ó sì ti fi ẹkún rántí rẹ̀. Ìtàn bí a ti ń tọ́jú ẹ̀dà ní erékùṣù yìí ni mo fẹ́ sọ.

Kí ìwé tó dé Èkó, orí ènìyàn ni a ń kó ọ̀rọ̀ pamọ́ sí, àwọn àgbà kò sì jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ wà lórí ẹnìkan. Ìgà Ìdúngánrán, ààfin tí a kọ́ sórí ilẹ̀ tí Arómirẹ́ fi ń dá oko ata, ni ojúde ìtàn náà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀ka mẹ́rin ni àwọn ìjòyè onífìlà funfun pín sí, Akárìgbẹ́rẹ̀ tí Elétù Òdìbò jẹ́ olórí wọn, Ìdẹ́jọ tí wọ́n ni ilẹ̀, Ògáládé tí Ọbáníkòró ń ṣíwájú wọn, àti Àbágbọ̀n, àwọn ológun, tí Aṣọ́gbọ́n jẹ́ olórí wọn. Ilé kọ̀ọ̀kan sì ní apá tirẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà, oríkì tirẹ̀, ààlà tirẹ̀, àti iṣẹ́ tirẹ̀ ní ọjọ́ tí ọba bá wàjà tàbí tí ọba bá gorí ìtẹ́. Bí ọ̀kan bá gbàgbé, òmíràn a rán an létí. Bí ọ̀kan bá mọ̀ọ́mọ̀ yí i padà, òmíràn a dá a lóhùn ní gbangba. Nígbà tí àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì fi àgbá jó apá kan ìlú ní òpin oṣù Ọ̀pẹ ọdún 1851, tí Ọba Kòsọ́kọ́ fi sá, tí ó tẹ̀dó sí Ẹ̀pẹ́ níkẹyìn, koríko òrùlé jó, àjà jó, ẹrù jó; ẹ̀tọ́ oyè àti ààlà ilẹ̀ kò jó, nítorí pé ilé púpọ̀ ni wọ́n ń sùn sí.

Lẹ́yìn tí Ọba Dòsùmú ti fọwọ́ sí ìwé tó fi Èkó lé Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́ ní ọjọ́ 6, oṣù Ògún, 1861, ìwé gba ìlú. Lẹ́tà tí gómìnà bá kọ, ọkọ̀ òkun a gbé e lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ẹ̀dà rẹ̀ a sì kù sí ọ́fíìsì ní Èkó. Kì í ṣe nítorí tiwa ni àwọn òyìnbó fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ìjíhìn àti ìṣirò owó ni wọ́n ń wá. Síbẹ̀, àkójọ lẹ́tà wọ̀nyí wà ní Kew ní Lọ́ńdọ̀nù títí di òní olónìí, lábẹ́ àmì CO 147, ẹni tó bá sì fẹ́ mọ ohun tí ikán tàbí omi bàjẹ́ nínú ìwé ìjọba ní Èkó lè rí púpọ̀ nínú rẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí Ọ̀mọ̀wé Kenneth Dike sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìkójọ ìwé ìjọba ní Ìbàdàn ní 1951, ìwé ọ́fíìsì ìjọba Èkó wà lára ohun tó rí ilé sùn sí níbẹ̀. Mo ka ìyẹn sí ọ̀kan nínú iṣẹ́ tó dára jù lọ tí ọmọ ilẹ̀ wa ṣe ní ìran náà.

Ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ mọ bí ọ̀rọ̀ ẹ̀dà ti wúwo tó, àfi kí á gbọ́ ìtàn ìwé kan tó jẹ́ ìwé gbogbo Yorùbá, tí ó sì ti ọwọ́ Èkó kọjá. Àlùfáà Samuel Johnson, ẹni tí a bí ní Hastings ní ilẹ̀ Sàró ní 1846, tí ó sì ń ṣe olùṣọ́ àgùntàn ìjọ ní Ọ̀yọ́, fi ohun tó lé ní ogún ọdún gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn arọ́kin, ó bá àwọn tó jagun jókòó, ó rìn láàrin àgọ́ ogun gẹ́gẹ́ bí ońṣẹ́ àlàáfíà, títí tí ó fi parí ìwé ìtàn ńlá rẹ̀ ní 1897. Ní 1899, wọ́n gba ọwọ́ ẹgbẹ́ ìjíhìnrere kan fi ìwé náà ránṣẹ́ sí òǹtẹ̀wé kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọn kò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Nígbà tí àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, oníṣègùn ní Èkó, dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1900 tí ó sì lọ bèèrè, ìdáhùn tí ó rí gbà ni pé wọ́n ti ṣi ìwé náà gbé, wọn kò rí i, ṣùgbọ́n wọ́n ṣe tán láti san owó rẹ̀.

Owó! Mélòó ni ènìyàn yóò bù fún ọ̀rọ̀ tí ó ti ẹnu arúgbó jáde, tí arúgbó náà sì ti sùn? Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Samuel Johnson kú, ní 1901, láì rí ewé kan nínú iṣẹ́ rẹ̀ kó di títẹ̀. Ohun tó kù nílé ni àwọn àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́, ìwé tí ó ti kọ́kọ́ fọwọ́ gbá ọ̀rọ̀ jọ kí ó tó tò ó. Ọdún pọ̀ kí Dókítà tó lè gbá wọn mú, nítorí ìbànújẹ́ àti nítorí iṣẹ́ ìlú. Nígbà tí ó sì jókòó tì í, ó tún gbogbo ìwé náà kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ jẹ́ kí á dúró díẹ̀ níbí. Ìwé tí gbogbo wa ń kà lónìí, tí a fi ń jiyàn lórí Ṣàngó àti Àfọ̀njá àti ogun Èkìtì Parapọ̀, kì í ṣe èyí tí òǹkọ̀wé rẹ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ parí. Èyí tí àbúrò rẹ̀ jí dìde láti inú àkọsílẹ̀ ìbẹ̀rẹ̀ ni. Ohun tó wà láàrin àkọsílẹ̀ ìbẹ̀rẹ̀ àti ìwé tó parí, gbólóhùn tí ó tún ṣe, àṣìṣe tí ó rí tí ó sì nù kúrò, ìyẹn ti bá ìwé tó sọnù lọ títí láé. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó rí fún ẹni tí ẹ̀dà rẹ̀ bá pẹ́: ibi tí ẹ̀dà náà dé ni yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Ìyà ìwé náà kò sì tíì tán. Bí Dókítà ti parí rẹ̀, ó fi ránṣẹ́ nínú ọkọ̀ Appam, tó ń gbé lẹ́tà láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bẹ́ẹ̀ ogun àgbáyé kìíní ń lọ lọ́wọ́. Ní ọjọ́ 15, oṣù Ṣẹẹrẹ, 1916, nítòsí erékùṣù Madeira, ọkọ̀ ogun Jámánì kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Möwe, tó pa ara dà bí ọkọ̀ ọlọ́jà, mú Appam ní ẹrú. Àwọn ènìyàn rò pé òkun ti gbé e mì. Àfi ìgbà tí ó yọ ní èbúté ìpínlẹ̀ Virginia ní Amẹ́ríkà ní ọjọ́ 1, oṣù Èrèlé. Ó tó bí ọdún méjì kí ìwé Johnson tó tẹ àwọn òǹtẹ̀wé lọ́wọ́, nígbà náà sì ni bébà ti wọ́n gógó. Wọ́n dá ìwé náà padà fún Dókítà bí òun fúnra rẹ̀ ti bèèrè. Ohun tí ó ṣe lẹ́yìn náà ni mo bọ̀wọ̀ fún jù lọ nínú gbogbo iṣẹ́ rẹ̀: kí irú àdánù àkọ́kọ́ má baà tún ṣẹlẹ̀, ó ní kí wọ́n fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tẹ gbogbo rẹ̀, nígbà tí bébà ẹ̀rọ pàápàá ṣòro láti rí. Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, yóò sá. Dókítà Johnson kú ní 1920. Ìwé náà jáde ní 1921, orúkọ ilé ìtàwé CMS ti Èkó sì wà lára rẹ̀.

Lẹ́yìn ìgbà náà, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àti kábọ́ọ̀nù di ohun tí gbogbo akọ̀wé ní Broad Street àti Marina ń lò, ẹ̀dà méjì tàbí mẹ́ta sì ń jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo bí àtẹ́lẹwọ́ ti ń bá ẹ̀yìn ọwọ́ rìn. Àbùkù ibẹ̀ ni pé inú kọ́bọ́ọ̀dù kan náà ni ojúlówó àti ẹ̀dà ń sùn. Nígbà tí iná sì jó ilé NET ní Marina nínú oṣù Ṣẹẹrẹ 1983, ilé gíga tí ọ̀rọ̀ Nàìjíríà ń gbà lọ sí òkè òkun, gbogbo erékùṣù yìí rí i pé gíga ilé kì í dá iná dúró.

Kọ̀ǹpútà ni ó wá sọ ẹ̀dà di ohun ìrọ̀rùn, ìrọ̀rùn náà sì ni ó ń jẹ́ kí á gbàgbé rẹ̀. Nínú ẹ̀rọ tí ọmọ Ìsàlẹ̀ Gángan ń lò, Windows ni baálé; òun ni ó ń gba àlejò, òun ni ó ń pín iṣẹ́ fún ẹ̀rọ atẹ̀wé àti bọ́tìnnì, bí ó bá sì dùbúlẹ̀ àìsàn, kò sí ẹni tó lè wọlé. Ojoojúmọ́ ni àwọn olè ń wá ihò lára ògiri baálé yìí, nítorí náà ni àwọn tó ṣe é fi ń fi àtúnṣe ránṣẹ́, èyí tí gbogbo wa ń pè ní update. Mo ti gbọ́ tí àwọn oníṣọ́ọ̀bù kan ń búra pé àwọn kò ní gbà á mọ́ láéláé. Mo bẹ̀ wọ́n, kí wọ́n má ṣe bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Èbìbí 2017, nígbà tí ohun búburú tí wọ́n ń pè ní WannaCry ti ilẹ̀kùn kọ̀ǹpútà káàkiri ayé pa tí ó sì ń bèèrè owó ìtúsílẹ̀, àtúnṣe tó lè dí ihò náà ti jáde láti oṣù Ẹrẹ́nà. Àwọn tí kò tíì gbà á ni ó bá nílẹ̀.

Òdodo ibẹ̀ ni pé àtúnṣe dà bí ìgbà tí a ń pààrọ̀ òpó ilé nígbà tí ará ilé ń gbé inú rẹ̀. Bí iná bá lọ lẹ́yìn tí a ti yọ òpó àtijọ́ tí a kò sì tíì ri tuntun mọ́lẹ̀, òrùlé ni yóò wó. Bí àyè inú dísìkì bá ti kún, bákan náà. Bí ohun èlò ẹ̀rọ atẹ̀wé àtijọ́ kan kò bá bá tuntun mu, bákan náà. Ọmọ náà fi bí ó ti máa ń wá ibi tí àrùn wà hàn mí, mo sì rí i pé bí babaláwo tó mọ iṣẹ́ ni ó ń ṣe é, kì í sáré sí ewé tó le jù. Yóò kọ́kọ́ yọ gbogbo ohun tí a so mọ́ ẹ̀rọ kúrò, fláàṣì, ẹ̀rọ atẹ̀wé, gbogbo rẹ̀. Bí kọ̀ǹpútà bá ti gbìyànjú láti jí ní bí ẹ̀ẹ̀mẹta tí kò ṣeé ṣe, Windows fúnra rẹ̀ a máa ṣí ojú ìwé ìtúnṣe. Níbẹ̀ ni ó ti lè yọ àtúnṣe tó wọlé gbẹ̀yìn, tàbí kí ó jí i ní Safe Mode, níbi tí ìwọ̀nba iṣẹ́ tó pọn dandan nìkan ti ń ṣe, tàbí kí ó lo System Restore, tó bá Windows Me dé ní 2000, èyí tó ń dá ètò ẹ̀rọ padà sí ọjọ́ kan sẹ́yìn láì fọwọ́ kan lẹ́tà àti fọ́tò. Ìgbà tí gbogbo ìwọ̀nyí bá kọ̀, bí wọ́n ti kọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, ni ó ń rin ìrìn Lafíàjí.

Ohun tó wà ní Lafíàjí ni àwọn oníṣẹ́ ń pè ní system image: odindi ilé, láti ìpìlẹ̀ dé òrùlé, pẹ̀lú baálé àti kọ́kọ́rọ́ àti àga, tí a dà kọ sínú fáìlì ńlá. Ọkùnrin ará New Zealand kan, Murray Haszard, wà nínú àwọn tó sọ irú iṣẹ́ yìí di mímọ̀ ní àárín ọdún 1990 sí 1999, pẹ̀lú ètò tí ó pè ní Ghost, èyí tí ilé iṣẹ́ Symantec rà ní 1998. Nígbà tí Windows 7 sì jáde ní 2009, agbára láti ṣe é ti wà nínú rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀dà odindi yìí kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ tí a ṣe é. Bí kò bá sí fláàṣì inú àpò, ìwé Àlàájà tí ọmọ náà tẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀ ìbá ti lọ bí ìwé Johnson ti lọ, nítorí ti ọjọ́ Àìkú ni ẹ̀dà Lafíàjí. Ẹ̀rọ ní ẹ̀dà tirẹ̀, iṣẹ́ òòjọ́ ní ẹ̀dà tirẹ̀. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Àti pé ẹ̀dà tí a kò tíì gbìyànjú láti jí dìde rí, ìrètí lásán ni. Ọmọ náà sọ pé ọ̀gá kan tí òun kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ní ẹ̀dà ọdún mẹ́ta nílẹ̀. Ní ọjọ́ tí ó nílò rẹ̀, dísìkì náà kò ṣí.

Mo fi gbogbo èyí wé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 21, oṣù Ọ̀wàrà, 2020, ọjọ́ tí n kò fẹ́ rántí. Nínú rúkèrúdò tó tẹ̀ lé ìyìnbọn sí àwọn tó ń wọ́de ní Lẹ́kì, wọ́n ya wọ Ìgà Ìdúngánrán, wọ́n sì jí ọ̀pá àṣẹ ọba gbé. Wọ́n sì dáná sun Ilé Ẹjọ́ Gíga ní Ìgbóṣèrè, nínú erékùṣù yìí kan náà. Àwọn àgbà ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Òwe náà bá ilé wí. Kò bá ìwé wí. A lè kọ́ kóòtù tó gbayì ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀rí tí opó kan sọ nípa ilẹ̀ ọkọ rẹ̀, tí adájọ́ sì fọwọ́ ara rẹ̀ kọ sílẹ̀, bí kò bá ní ẹ̀dà níbòmíràn, eérú ni. Ẹni tí lọ́yà rẹ̀ ní ẹ̀dà nílé iṣẹ́ tirẹ̀ ni ó rí ibi tí yóò ti tún ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀. Ó dùn mí títí di òní.

Àwọn ọ̀dọ́ ń sọ fún mi pé kí á kó gbogbo rẹ̀ lọ sí orí íntánẹ́ẹ̀tì, níbi tí iná Èkó kò lè dé. Ọ̀rọ̀ gidi ni, mo sì fara mọ́ ọn, ṣùgbọ́n kí ó má jẹ́ òun nìkan. Ní ọjọ́ 14, oṣù Ẹrẹ́nà, 2024, okùn mẹ́rin tó gba abẹ́ òkun kọjá, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, já nítòsí Abidjan, báńkì àti ọ́fíìsì ní Èkó sì rọ jọwọrọ fún ọjọ́ mélòó kan. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀, ní ọjọ́ 19, oṣù Agẹmọ, àtúnṣe kan ṣoṣo tó lábùkù láti ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ CrowdStrike da kọ̀ǹpútà tó tó 8,500,000 dùbúlẹ̀ káàkiri ayé gẹ́gẹ́ bí Microsoft ti ṣírò rẹ̀, ọkọ̀ òfuurufú kò lè gbéra, ilé ìwòsàn padà sí lílo bírò àti bébà. Bí wọ́n ṣe wo ọ̀pọ̀ nínú wọn sàn jọ ohun tí mo rí ní Ìsàlẹ̀ Gángan: ẹnìkan jókòó níwájú ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, ó jí i ní Safe Mode, ó sì yọ fáìlì kan ṣoṣo kúrò.

Ní ọjọ́ 14, oṣù Ọ̀wàrà, 2025, Microsoft dáwọ́ àtúnṣe ọ̀fẹ́ tó ń lọ déédéé dúró fún Windows 10, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ púpọ̀ nínú àwọn ṣọ́ọ̀bù wa ti dàgbà ju ohun tí Windows 11 ń fẹ́ lọ. Ọmọ náà bèèrè ìmọ̀ràn lọ́wọ́ mi, ó ń pè mí ní bàbá, ojú sì tì mí díẹ̀ nítorí òun ni ó ń kọ́ mi. Mo ní kí ó máa tọ́jú owó fún òmíràn. Kí ìyẹn tó dé, ó ti ra dísìkì kejì. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, yóò ṣe ẹ̀dà tuntun, yóò gbé e lọ sí Lafíàjí, yóò sì mú ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá bọ̀, ọ̀kan ń lọ, ọ̀kan ń bọ̀. Ìyá rẹ̀ ti bá a fi àyè sílẹ̀ nínú àpótí onírin tó wà lábẹ́ ibùsùn rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ òkè ìgbéyàwó rẹ̀ àti ìwé ilẹ̀ tí bàbá ọmọ náà fi sílẹ̀. Màmá kò mọ ohun tó wà nínú dísìkì náà, kò sì bèèrè. Ṣùgbọ́n bí aago mẹ́jọ alẹ́ bá lù ní ọjọ́ Àìkú tí kò tíì gbọ́ ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà, a gbé fóònù, a pè é.